Ìtàn wo ni ká kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin ní Abẹ́òkúta? Ẹ bá mi dá sí i

Tíṣà_Kẹ́mta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí. Ọ̀gá wa pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní èmi ni n ó máa bójú tó Ìtàn láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, kí n kọ ètò ẹ̀kọ́ sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ ká tó wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ á rántí pé lọ́dún 2009 ni wọ́n yọ Ìtàn kúrò lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ tó kéde pé ó ti padà. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Àwọn kan lára àwọn tó ń bá mi kọ́mọ báyìí, àwọn fúnra wọn ò kọ́ ọ rí.

Ìwé tí wọ́n kó fún wa ò burú. Ó sọ ti Nok, ó sọ ti Ifẹ̀ àti Bìní, ó sọ ti Bọ̀rnú, ó wá já sí òmìnira 1960. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi kan Abẹ́òkúta. Mo bi àwọn ọmọ mi pé, kí ló dé tí wọ́n ń pe ìlú yìí ní Abẹ́òkúta? Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè: abẹ́ òkúta ni, mà, Olúmọ. Mo ní, ó dáa, ta ló wá sábẹ́ òkúta náà, kí ló sì lé wọn wá? Gbogbo ọwọ́ wálẹ̀. Ọmọkùnrin kan rọra ní, "Kìnnìún ni, mà."

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi wá síbí gan-an nìyí. Ní sáà tó kọjá mo kọ́ wọn ní ogun Dàhómì (ìjọba àtijọ́ kan ní ibi tó di ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lónìí), ogun ọdún 1851, bí wọ́n ṣe gba Àró kọ lu ìlú yìí tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Àfi bí gbogbo ojú ṣe yí sí ọmọ kan nínú kíláàsì, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti Kútọnu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ogun Dàhómì, wọ́n ń lé e yí pápá ká. Lọ́jọ́ kejì, kò wá síléèwé.

Mo ní ọmọ mọ́kànlélógójì. Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ìgbò wà, Ẹ̀gùn wà, ọmọ Sábó mẹ́rin wà. Tí mo bá dúró níwájú wọn tí mo ní "ìtàn wa", ta ni "wa" yẹn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá_Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ gan-an. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi di ẹfun mú. N ò ní fi ọ́ sílẹ̀.

Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé orí ọba àti ogun la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ lè rìn dé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Gbé orúkọ àdúgbò sílẹ̀ níwájú wọn: Ìjẹmọ̀, Ìkìjà, Ìtòkó, Ìgbẹ̀in, Ìjejà, Ìlúgùn. Ọmọ tó ń gba Ìkìjà kọjá lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé Ìkìjà kejì ni. Ìkìjà àkọ́kọ́ wà nínú igbó Ẹ̀gbá, ó sì ti di ahoro. Lẹ́yìn tí Òwu fọ́ láàárín ọdún 1820 sí 1830 ni àwọn ọmọ ogun tó para pọ̀ fọ́ Òwu kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń jẹ wọ́n run lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù sá lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ò rọgbọ, kó tó di pé Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sídìí Olúmọ lọ́dún 1830. Ìlú kọ̀ọ̀kan sọ ibi tó tẹ̀dó sí ní orúkọ ilé tó fi sílẹ̀. Òwu fúnra rẹ̀ dé lọ́dún 1834, àwọn Ẹ̀gbá sì fún un ní ibi tí yóò gbé.

Ó yá, wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tí ogun lé nílé ló tẹ ìlú yìí dó. Kò sí ẹni tó bá òkúta náà hù. Tó o bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ Kútọnu àti ọmọ Sábó ti rí àyè jókòó: àlejò ni gbogbo wa, ọ̀nà la ò jọ gbà dé.

Ohun kejì, ọmọdé ò mọ bí ọdún ṣe gùn tó. Lójú wọn, 1830 àti ìgbà tí wọ́n bí màmá wọn, ọ̀kan náà ni. Èmi máa ń mú wọn jáde sí pápá pẹ̀lú okùn gígùn. Ìṣísẹ̀ kan, ọdún mẹ́wàá. Ọmọ kan dúró ní 1830, ó di Ṣódẹkẹ́. Rìn ìṣísẹ̀ méjì, o ti dé ogun Àró. Ó kù díẹ̀ kó pé mẹ́ta, ìwé ìròyìn Townsend ti jáde ní 1859, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ní èdè Yorùbá. Mẹ́tàlá, òmìnira. Àwọn fúnra wọn dúró sápá ìparí, bí ogún ìṣísẹ̀ sí Ṣódẹkẹ́. Àwọn ọmọ máa ń yíjú wẹ̀yìn wo ẹni tó dúró ní 1830, wọ́n á ní, "Sà, kò jìnnà!" Láti ọjọ́ náà lọ, tó o bá dárúkọ ọdún kan, ọwọ́ wọn á máa nà sí ibi tó wà lórí okùn.

Bàbá_Ṣadé_Lafẹ́ńwá

Ẹ kú àṣàrò o. Ẹ má bínú sí mi, òbí ni mí, ohun tó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ. Ìdánwò tí àwọn ọmọ wa máa ṣe láti wọ iléèwé gíga, ṣé wọ́n á bi wọ́n ní Ìkìjà? Ọmọ mi á mọ gbogbo òkìtì tó wà ní Abẹ́òkúta, á wá fìdí rẹmi nítorí pé kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Lugard.

Ìkejì, a mọ̀ pé ìtàn ìlú yìí ní ibi tí kò ṣe é gbọ́ sétí. Ẹrú. Ẹ fẹ́ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé Ìyálóde Tinúbú, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ojúlé àti gbàgede, ta èèyàn? Kí ló máa fi ìyẹn ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní akọni kan tí wọ́n á máa fi yangàn ná.

Aláró_Ìtòkú

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Bàbá Ṣadé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ aró ni ìyá tó bí ìyá mi ṣe, òun náà ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìtàn wà nínú ìkòkò.

Ẹ mú àwọn ọmọ wá. N ó fi pánù tí ìyá mi gé hàn wọ́n, èyí tá a máa ń fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Ó ti di dúdú létí, ibi tí àtàǹpàkò wọn ń dì mú ti tẹ̀ kòtò sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sínú kòtò yẹn. Lẹ́yìn náà n ó ki aṣọ bọ aró. Tó bá jáde, ewé tútù ló máa ń jọ, kì í ṣe aró rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá ń wò ó. Mi ò tíì rí ọmọ tí kì í pariwo níbẹ̀.

Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ń pa láró nígbà náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń wọlé. Wọ́n á pa á láró ní Ìtòkú àti Kẹ́mta, àwọn oníṣòwò á rà á lọ sí Gold Coast, títí dé Sẹ̀nẹ̀gà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìtàn àdúgbò kì í jẹ́ kọ́mọ mọ ayé, ẹ ní kó wá wo agbada aró. Ìjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ọ̀rọ̀ sódà àti aró òyìnbó di wàhálà. Aláké ní kí wọ́n má lò ó mọ́ nítorí pé ó ń ba aṣọ jẹ́, àwọn aláró ní òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá kí ọjà sì pọ́nwọ́. Obìnrin tí kò mọ̀wé kọ dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ pé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?

Kí ẹ má fi ìtàn ìlú yìí sọ́wọ́ ọba àti jagunjagun nìkan, mo bẹ̀ yín.

Tíṣà_Kẹ́mta

Ẹ ṣeun, mà. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò yẹn. Bàbá, mo ti lọ ra okùn.

Bàbá Ṣadé, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ síta. Ti ìdánwò kọ́kọ́: wọn ò ní pàdánù Lugard. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ tí òyìnbó fọwọ́ sí títí di ọdún 1914, ìpakúpa Ìjẹmọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, òmìnira yẹn sì bọ́. Ọdún kan náà ni Lugard pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ọmọ tó bá mọ ohun tó ṣubú ní Ìjẹmọ̀ kò ní gbàgbé 1914, mo fi dá yín lójú.

Ti ẹrú ni mo rò pẹ́. Ní sáà kìíní, mo kọ́ wọn ní ìtàn Àjàyí Crowther. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: 1821, wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn pẹ̀lú ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni. 1846, ó rí ìyá rẹ̀ padà, níbí, ní Abẹ́òkúta. Mo ní kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Wọ́n ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan béèrè pé, "Mà, ṣé ìyá rẹ̀ ṣì mọ ojú rẹ̀?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló béèrè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lè gbé ìyẹn, wọ́n lè gbé ti Tinúbú.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé ọjọ́ kan náà ni n ó sọ méjèèjì. Ó ṣòwò ẹrú, ó sì lówó nídìí rẹ̀. Nígbà tí Dàhómì tún wá lọ́dún 1864, ó kó ohun ìjà àti oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ń dáàbò bo ìlú, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Tá a bá sọ ọ̀kan tá a fi èkejì pamọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á níbòmíì, àwa olùkọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè ní onírọ́.

Ọmọ Kútọnu yẹn ni mi ò tíì rójútùú.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Kétu ni mo ti ń kọ ọ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, torí pé ojú kan náà la fi ń rí i níbí, ṣùgbọ́n láti ìhà kejì.

Ní iléèwé wa, èdè Faransé la fi kọ́ ìtàn. Akọni ni Béhanzin, ọba Dàhómì, òun ló bá àwọn Faransé jà. Lọ́dún 2022, wọ́n ṣí ère obìnrin jagunjagun Dàhómì ní Kútọnu, ó ga tó mítà ọgbọ̀n, gbogbo orílẹ̀-èdè ló yọ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ọdún 1886 ni Dàhómì fọ́ ìlú wa, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àbómè, olú ìlú wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni wọ́n tó rí àyè padà wá tún un tẹ̀ dó. Ẹnu ọ̀nà Akába Ìdéna ṣì wà ní ìwọ̀lú. Ọmọ kan ń kọjá níwájú Akába Ìdéna lọ síléèwé, ó sì ń lọ kọ orin ìyìn ẹni tí ìdílé rẹ̀ fọ́ ìlú rẹ̀. Ọmọ náà nìyẹn, èmi ni.

Nítorí náà, Tíṣà, ohun tí mo máa fẹ́ kí olùkọ́ mi ṣe fún mi ni mo ń sọ fún yín. Ẹ má pe ogun náà ní ogun Ẹ̀gbá àti Ẹ̀gùn. Ẹ dárúkọ ọba tó jà á: Gézò ni ní 1851, Glèlè ni ní 1864. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ohun tí ọba náà ń wá, nítorí pé ẹrú ni àti agbára lórí ọ̀nà òwò. Ẹ sọ fún wọn pé nínú ẹgbẹ́ ogun Dàhómì fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n kó nígbà ogun wà níbẹ̀, wọ́n sì lè jẹ́ ọmọ Yorùbá. Kẹ́ ẹ sì fi kún un pé Ẹ̀gbá náà gbé ogun ti Adó (Adó-Odò), ó sàga tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí kíláàsì bá gbọ́ pé kò sí ẹ̀yà tí kò ṣe é, tí kò sì sí ẹ̀yà tí wọn ò ṣe é fún, ojú ò ní yí sí ẹnì kan mọ́.

Ẹ bá mi kí ọmọ náà. Ẹ sọ fún un pé ẹnì kan ní Kétu mọ bó ṣe rí.

Ọmọ_Ìbàrà

Gbólóhùn kan ni tèmi. Kì í ṣe gbogbo ará Abẹ́òkúta ló jẹ́ Ẹ̀gbá, kódà láàárín àwa ọmọ onílùú. Ìbàrà ní Olúbarà tirẹ̀, a ò sí nínú apá mẹ́rin tí wọ́n pín Ẹ̀gbá sí: Aké, Òkè-Ọ̀nà, Gbágùrá àti Òwu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wa nínú ètò yẹn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì_Àró

Mo rí i pé ẹ ń dárúkọ Àró. Níbẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń lo orúkọ yẹn: "Orí ẹ dàrú, wọ́n á gbé ẹ lọ Àró." Ó máa ń dùn mí. Ní ibi tí ogun 1851 ti wáyé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ọpọlọ sí lọ́dún 1954. Ọmọ Abẹ́òkúta ló darí rẹ̀, Dókítà Adéoyè Lambo. Dípò kó ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n wá pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Àwọn àgbẹ̀ abúlé ló gbà wọ́n sílé. Gbogbo ayé ló wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Tíṣà, tẹ́ ẹ bá kọ́ wọn ní èyí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan dákẹ́ nígbà tó bá fẹ́ fi Àró bú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bàbá_Ṣadé_Lafẹ́ńwá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ àná ni mo lọ bá màmá mi. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí ìyá wọn ń sọ nípa ìjà owó orí. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n ò béèrè rí.

Wọ́n ní ìyá àwọn wà lára àwọn tó lọ jókòó síwájú ààfin Aké ní 1947, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin gédégédé, ṣílè méjì àbọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní orin ni wọ́n fi sùn, orin ni wọ́n fi jí. Màmá mi kọ ọ̀kan fún mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ohùn wọn ò gbọ̀n. Ṣadé ti jáde wá láti yàrá, ó jókòó sílẹ̀, ó ń gbọ́. Ní January 1949, Aláké fi orí oyè sílẹ̀. Màmá mi ní, "Ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ka iye ọjọ́."

Apá kan wà tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn tí Ṣadé sùn tán, nípa bí àwọn agbowó orí ṣe ń yẹ ara àwọn ọmọbìnrin wò láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tó owó orí san. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa sọ ìyẹn fún ọmọdé, Tíṣà.

Bàbá_Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Bàbá Ṣadé, Ọlọ́run á dá Màmá sí. Ti apá ìkẹyìn yẹn, ọmọ kíláàsì kẹrin á gbọ́ pé àwọn agbowó orí hùwà àbùkù sáwọn ọmọbìnrin, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi bínú tó bẹ́ẹ̀. Ó tó. Kì í ṣe irọ́, ìyókù sì lè dúró de ọjọ́ orí. Ohun tá a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni ká sọ pé owó nìkan ló bí wọn nínú.

Tíṣà_Kẹ́mta

Mo ti tún ètò náà kọ. Kíláàsì kìíní àti ìkejì, ilé wọn àti ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá síléèwé: ta ló sọ ọ́ lórúkọ, ta ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ohun kan wá tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, tàbí oríkì rẹ̀ bí kò bá ní nǹkan mìíràn. Ọmọ Sábó á mú ti ilé rẹ̀ wá, ọmọ Ìgbò á mú tirẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀ á wọ orí okùn Bàbá. Láti ìkẹta lọ la ó máa wọ inú ìlú: Ìtòkú, Aké, Ìbàrà (mo ti gbọ́ o), Àró fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni ìwé ìjọba á wọlé dáadáa, láti Abẹ́òkúta jáde lọ sí Èkó, Freetown, Àbómè, Kétu.

Bàbá Ṣadé, ẹ bá mi bẹ Màmá bóyá wọ́n lè wá jókòó sí kíláàsì wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. A ó gbé àga sábẹ́ igi.

Mo lọ sílé ọmọ Kútọnu yẹn. Mo bá ìyá rẹ̀ nídìí àkàrà, mo tọrọ àforíjì. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ_Kétu fún wọn. Ọmọ náà béèrè pé níbo ni Kétu wà. Mo yà á fún un sórí yẹ̀pẹ̀: Abẹ́òkúta, Kétu, Àbómè, Kútọnu. Ó ní òun máa yà á fún kíláàsì.

Màmá Aláró, ṣé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì tá a bá wọlé rọ̀ yín lọ́rùn? Ọmọ mọ́kànlélógójì ni o.

Aláró_Ìtòkú

Ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ tètè dé, kí oòrùn tó mú. N ó ti ki ìkòkò méjì sílẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ìyá wọn kí wọ́n fi aṣọ tó ti gbó wọ̀ wọ́n, torí aró mi kì í fọ̀ kúrò.